Ọjọ́ Méje Ní Faransé: Mo Ń Wá Ọmọ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Jọba

Ọjọ́ Ẹtì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin gbéra ní St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí yóò fi di aago méjì ọ̀sán, mo ti wà ní Gare du Nord ní Paris, mo dúró níwájú ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì métro bí ẹni tó ń ka ọfọ̀. Àǹtí mi ti kìlọ̀ lórí fóònù: "Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ bá ọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, má dá a lóhùn o." Mo gbọ́ràn.

Saint-Denis ni Àǹtí ń gbé, lápá àríwá Paris. Ọmọ Kétu ni, Kétu ti ilẹ̀ Benin, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà níbí. Faransé tó ń sọ já geere, ṣùgbọ́n Yorùbá Kétu ló fi ń bú mi. Ọjọ́ ọjà ni mo bọ́ sí: Ìṣẹ́gun, Ẹtì àti Àìkú ni wọ́n ń ná ọjà Saint-Denis. A ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, a ra ata rodo, a gbé àpò gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń sin àwọn ọba Faransé sí kọjá. Mo ní ká yà. Àǹtí ní iṣu tó wà lọ́wọ́ òun wúwo, àwọn òkú yẹn ò sá lọ síbì kankan.

Ohun tó gbé mi dé ìhín rèé. Mo ń ka ìtàn ogun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jà láti 1337 títí dé 1453, gbogbo ibi tí mo kà á sí ni wọ́n ti ń sọ pé ìjà orí oyè ló bí i. Ìjà orí oyè kì í ṣe ohun tó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Èyí tí kò yé mi ni orúkọ ọmọbìnrin kan tó máa ń yọjú ní ìlà kan ṣoṣo, tí a ò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́: Jeanne, ọmọ ọba Louis Kẹwàá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà ní 1316, kò sì sí ọmọ mìíràn nínú ilé lọ́jọ́ náà, àfi èyí tó wà nínú oyún. Kí ló dé tí kò jọba? "Òfin wọn ni pé obìnrin kì í jọba," báyìí ni gbogbo ẹni tí mo bi ṣe ń dá mi lóhùn. Irọ́ ni. Òfin náà ò sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà. Wọ́n kọ́kọ́ gbà á ná, kí wọ́n tó wá òfin fún un.

Àǹtí tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó ní, "Nítorí èyí lo ṣe san owó ọkọ̀?" Ó bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo sọ̀ ní Pont Neuf. Mo gba ẹ̀yìn ère ọba Henri Kẹrin tó wà lórí ẹṣin, mo sọ àtẹ̀gùn òkúta kalẹ̀ dé etí omi. Ṣóńṣó erékùṣù tí ààfin wà láyé ìgbà náà nìyí. Wọ́n lẹ àkọlé kan mọ́ ògiri níbẹ̀: ní oṣù Kẹta ọdún 1314 ni wọ́n dáná sun Jacques de Molay láàyè, ẹni tó jẹ́ olórí ìkẹyìn fún ẹgbẹ́ àwọn ajagun Tẹ́ḿpìlì. Ọba Philippe Kẹrin ló ní kí wọ́n sun ún. Wọ́n ní inú iná ló ti pe ọba àti póòpù lẹ́jọ́ síwájú Ọlọ́run. Póòpù kú lóṣù Kẹrin, ọba wàjà lóṣù Kọkànlá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń mú àwọn àlejò kiri ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ìtàn èpè náà, àwọn èèyàn ń gbọn orí. Èmi ò ka èpè yẹn sí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn tí àwọn méjèèjì ti kú tán ni ìtàn rẹ̀ jáde. Ohun tó ba ìdílé yẹn jẹ́, yàrá ìyàwó ló ti wá, kì í ṣe inú iná.

Ẹ wo òdì kejì odò. Ilé olórí rìbìtì tó wà níbẹ̀ ni Institut de France. Ibi tí apá kan rẹ̀ dúró sí lónìí ni ilé-ìṣọ́ Nesle wà títí wọ́n fi wó o ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ibẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ìyàwó ilé ọba kan ti ń bá àlè wọn pàdé. Òkúta rẹ̀ kan ò kù. Àkọlé ara ògiri nìkan ló wà fún ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì tí mo gbé dání.

Philippe Kẹrin bí ọmọkùnrin mẹ́ta tó dàgbà: Louis, Philippe, Charles. Ó bí obìnrin kan, Isabelle, tó fi fún ọba Edward Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1308. Ìdílé Bourgogne ni àwọn ọmọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbéyàwó. Louis fẹ́ Marguerite. Philippe fẹ́ Jeanne (kì í ṣe ọmọ tí mò ń wá o, Jeanne pọ̀ nínú ìtàn yìí bí Àìná nínú ìlú). Charles fẹ́ Blanche, àbúrò Jeanne yẹn. Ní 1313 Isabelle àti ọkọ rẹ̀ wá kí bàbá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ó fún àwọn ìyàwó ilé ní àpò kéékèèké tí wọ́n fi òwú ṣọnà sí lára, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìgbànú. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ kan àpò kan náà ní ìbàdí àwọn ọkùnrin méjì kan láàfin, Philippe àti Gautier d'Aunay, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ó gbé ẹnu rẹ̀ tọ bàbá rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti gbé ilé ọkọ rí yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. "Ọkọ mi" ni ìyàwó ilé ń pe ọmọ-ilé lọ́dọ̀ tiwa, ìbá à jẹ́ obìnrin, nítorí ó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò kúrò lára òun. Àwọn ọmọ Bourgogne yìí gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọmọ-ilé, wọ́n fi ta àlè lọ́rẹ. Àwọn onítàn kan ò gba ọ̀rọ̀ àpò yẹn gbọ́. Ẹjọ́ tó tẹ̀lé e kò ṣeé jiyàn. Ní oṣù Kẹrin 1314 wọ́n pa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò d'Aunay ní gbangba ní Pontoise. Bí wọ́n ṣe pa wọ́n, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Wọ́n fá orí Marguerite àti Blanche kodoro, wọ́n lọ tì wọ́n mọ́ odi Château-Gaillard. Jeanne ìyàwó Philippe, tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa rẹ̀ tó sì dákẹ́, wọ́n tì í mọ́ Dourdan. Ọkọ rẹ̀ ò kọ̀ ọ́, ilé-ẹjọ́ dá a láre, ó sì padà sílé.

Marguerite bí ọmọbìnrin kan, Jeanne tí mò ń wá, fún Louis ní 1312. Ọmọ ọdún méjì ni lọ́jọ́ tí wọ́n fá orí ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí ń lọ lábẹ́lẹ̀ láàfin ti di: ọmọ ta ni? Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rí kankan hàn pé kì í ṣe ọmọ Louis. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ ẹ̀rí.

Lọ́sàn-án mo wọ Conciergerie, ìyẹn ohun tó ṣẹ́ kù lára ààfin náà. Yàrá Marie-Antoinette, ayaba tí wọ́n tì mọ́lé níbẹ̀ kí wọ́n tó pa á, ni gbogbo èèyàn ń wá lọ wò. Èmi dúró ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ tí Philippe Kẹrin kọ́, tó gùn tó mítà 64, àwọn òpó òkúta tò lọ bí igbó ọ̀pẹ. Enguerrand de Marigny, ẹni tí owó ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló mójú tó kíkọ́ ààfin náà. Ọba wàjà tán, Charles de Valois, àbúrò ọba, dojú kọ ọ́: wọ́n kọ́kọ́ pè é ní olè, nígbà tí ìyẹn ò mú un, wọ́n ní wọ́n fi ìda mọ ère láti fi pa ọba tuntun. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1315 wọ́n so ó rọ̀ ní Montfaucon, ibi tí wọ́n ti ń so àwọn ọ̀daràn. Mo gba métro lọ síbẹ̀ lálẹ́, nítòsí Colonel Fabien. Ilé àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀ báyìí. Obìnrin kan ń sá aṣọ sójú fèrèsé.

Ẹ má gbàgbé Charles de Valois. Ọmọ ọba ni, àbúrò ọba ni, bàbá kékeré ni fún ọba mẹ́ta, bàbá ọba ló tún padà jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ò jọba rí.

Ọjọ́ Àìkú

Òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo sá wọ Louvre, mo yẹra fún èrò tó ń wọ́ lọ wo àwòrán obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ yẹn, mo wá ère méjì kan tí wọ́n fi mábù funfun gbẹ́.

Ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n dùbúlẹ̀ gbọọrọ, adé wà lórí àwọn méjèèjì. Wọn ò gùn tó èèyàn. Mo tẹ̀ ba wò ó: ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ mú àpò kékeré kan mọ́ àyà, awọ ara àpò náà sì wú kúlúkúlú bí ìgbà tí nǹkan rírọ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ìfun wọn ni. Charles Kẹrin àti Jeanne d'Évreux, ìyàwó rẹ̀ kẹta, nìyí. Nígbà yẹn wọ́n máa ń pín òkú ọba: ara lọ sí Saint-Denis, ìfun síbòmíràn, ọkàn síbòmíràn, kí àwọn mọ́ńkì tó pọ̀ lè máa gbàdúrà fún un níbi púpọ̀. Àwọn ère yìí, ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Maubuisson lẹ́bàá Pontoise ni wọ́n ti gbé wọn wá. Blanche, ìyàwó Charles tí wọ́n fá lórí ńkọ́? Ọdún 1322 ni póòpù tó tú ìgbéyàwó wọn ká. Kì í ṣe nítorí àgbèrè o. Ìdí tí wọ́n rí ni pé Mahaut d'Artois, ìyá Blanche, ló gbé Charles nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ìyá-ìsàmì rẹ̀ wá di ìyá ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ, yóò rí ihò.

Àpò Isabelle, àpò ìfun. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo lọ mu kọfí.

Ọjọ́ Ajé

Oorun ló fìyà jẹ mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Saint-Lazare, Vernon ló yẹ kí n ti sọ̀, mo sùn, Rouen ni mo jí sí. Mo wọ òmíràn padà. Taksí tó gbé mi láti Vernon lọ sí Les Andelys gba owó tó tó oúnjẹ ọjọ́ méjì. Àǹtí pè, mo ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Richard, ọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́kàn Kìnnìún, ló kọ́ Château-Gaillard láàárín 1196 sí 1198, kò sì ju ọdún méjì lọ tí iṣẹ́ náà gbà. Philippe Auguste, ọba Faransé, gbà á lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1204. Orí òkè funfun ló wà. Tí ẹ bá gòkè débẹ̀, ẹ ó rí odò Seine tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́ nísàlẹ̀ bí ejò tó yó. Ògiri tó kù nípọn débi pé èèyàn lè na ẹsẹ̀ sùn nínú fèrèsé rẹ̀.

Atẹ́gùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wọ kóòtù, mo wé ìborùn, oṣù Karùn-ún la wà, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ yẹn wọ inú eegun mi. Ó ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró, ó ń hu nínú ihò ògiri. Wọ́n ní òkè ilé-ìṣọ́ ni wọ́n ti Marguerite mọ́, tí atẹ́gùn ti ń gbá a lọ́sàn-án lóru. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tàbí márùndínlọ́gbọ̀n ni. Ní oṣù Kọkànlá 1314 bàbá ọkọ rẹ̀ wàjà, ọkọ rẹ̀ gorí oyè, bó ṣe di ayaba Faransé nìyẹn, ó ń gbọ̀n nínú yàrá òkúta pẹ̀lú orí kodoro.

Ọba tuntun sì ń fẹ́ ọmọkùnrin. Kò lè fẹ́ ìyàwó mìíràn àfi kí póòpù tú ti àkọ́kọ́ ká, póòpù kò sì sí: Clement Karùn-ún ti kú, àwọn kádínà jà fún ọdún méjì gbáko wọn ò rí ẹni yàn. Bí ilé-ẹjọ́ tó lè kọ ìyàwó fúnni bá tilẹ̀kùn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Marguerite kú sínú odi yìí ní 1315. Wọ́n ní wọ́n fún un lọ́rùn ni, ẹlòmíràn ní òtútù ló pa á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà Louis gbé Clémence, ọmọ ilé ọba Hungary, níyàwó ní Troyes. Ẹ̀yin náà ẹ ro ó.

Mo ṣa òkúta funfun kékeré kan, mo tún dá a padà síbi tí mo ti mú un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Vincennes, ní ìparí ìlà kìíní métro. Ilé-ìṣọ́ gíga tí gbogbo èèyàn ń wá wò kò tíì sí ní ayé Louis Kẹwàá. Ìpìlẹ̀ ilé ọba àtijọ́ ni mo wá, ìyẹn sì ti di òkúta ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibí ló kú sí lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà 1316, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní jeu de paume, bàbá tẹ́níìsì òde òní, òógùn bò ó, ó mu wáìnì tútù, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Ọba kì í kú lásán lójú àwọn ará ààfin, kíá ni wọ́n ti pe Mahaut d'Artois ní olóró. Wọ́n gbé e lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n dá a láre. Nǹkan kan tí Louis yìí ṣe kí ó tó kú ni pé ní 1315 ó pàṣẹ pé kí àwọn ẹrú oko ilẹ̀ ọba máa ra ara wọn padà, ó ní òmìnira ni ìṣẹ̀dá bí gbogbo èèyàn sí. Owó ogun ló ń wá. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀.

Láti 987 tí Hugues Capet ti jọba, ọba 12 ló ti jẹ tẹ̀lé ara wọn, bàbá fún ọmọkùnrin, kò já rí. Èèyàn kì í ṣòfin fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìyàwó tuntun lóyún. Ẹni tí oyè kàn wá dọwọ́ ikùn opó.

Philippe, àbúrò olóògbé, wà ní Lyon lọ́jọ́ náà, ó lọ ba àwọn kádínà dá sí ọ̀rọ̀ póòpù. Ó ṣe ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín: ó ti gbogbo wọn mọ́lé nínú ilé àwọn mọ́ńkì Dómíníkà, ó fi ẹ̀ṣọ́ yí i ká pé ẹni kan ò ní jáde àyàfi tí wọ́n bá yan póòpù, ó sì sáré gorí ẹṣin bọ̀ wá sí Paris. Ó sọ ara rẹ̀ di adelé. (Wọ́n yan póòpù ní oṣù Kẹjọ. Ìyà tètè ń mú ìpinnu wá.) Ó bá Eudes, olóyè Bourgogne, àbúrò Marguerite, ṣe àdéhùn: bí Clémence bá bí obìnrin, a ó tún jókòó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ Jeanne.

Clémence bí ọkùnrin lọ́jọ́ 15 oṣù Kọkànlá. Jean Kìíní. Ọba ni láti inú oyún. Ọjọ́ márùn-ún ló lò láyé. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, oníṣòwò kan láti Siena, Giannino Baglioni, ń lọ kiri Yúróòpù pé òun ni ọmọ náà, pé wọ́n pààrọ̀ òun ni. Inú ẹ̀wọ̀n ní Naples ló kú sí.

Ọjọ́rú

Ìṣẹ́jú 45 péré ni ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré fi gbé wa dé Reims. Àǹtí tẹ̀lé mi lónìí, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó di móínmóín dání.

Ní Reims ni wọ́n ti ń dé ọba ládé, tí wọ́n ń fi òróró ta á lórí, òróró tí wọ́n ní àdàbà ló gbé e wá láti ọ̀run fún ìrìbọmi ọba Clovis láyé àtijọ́. Àǹtí dúró síwájú áńgẹ́lì tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ̀rín ẹni tó mọ àṣírí ni. Iná tí bọ́ǹbù àwọn Jámánì dá sílẹ̀ ló gé orí áńgẹ́lì náà ní 1914, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ padà.

Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1317 ni Philippe wá gbadé níbí. Wọ́n ti gbogbo ẹnubodè ìlú pa, àwọn ológun dúró tì í. Ta ló ń bẹ̀rù? Agnès, ìyá Marguerite, ọmọ ọba Saint Louis fúnra rẹ̀, ti kọ̀wé pé kí wọ́n má dé ẹnikẹ́ni ládé títí àwọn olóyè àgbà yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ òun. Eudes ò yọjú. Charles, àbúrò ọba tuntun, fi ìlú sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ wá wo ẹni tó wà níbẹ̀: Mahaut d'Artois, ìyá ìyàwó ọba, obìnrin tó jẹ oyè Artois nípò bàbá rẹ̀, wà láàárín àwọn olóyè àgbà, ó fi ọwọ́ kan adé pẹ̀lú wọn. Obìnrin lè jẹ Artois. Obìnrin lè gbé adé lé ọkùnrin lórí. Ní oṣù kejì, Philippe kó àwọn ìjòyè, àwọn àlùfáà, àwọn ará Paris àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì jọ, wọ́n sì kéde pé obìnrin kì í jẹ ọba Faransé. Ọ̀kan ṣoṣo nínú ìlú ni wọ́n ń bá wí, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún.

Eudes ńkọ́, tó ń jà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ní 1318 Philippe fún un ní ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́. Ìjà tán.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Àǹtí lórí àga òkúta níta. Ó ń jẹ móínmóín rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Lọ́dọ̀ wa ní Kétu, ìdílé ló ń tò ó. Bó bá jẹ́ yín lónìí, yóò jẹ́ wa lọ́la. Ṣé àwọn wọ̀nyí ò ní ìdílé mìíràn ni?" Mo ní wọ́n ní, ohun tí wọ́n sì ń sá fún nìyẹn. "Obìnrin ńkọ́?" Mo rán an létí Àkúrẹ́ níbi tí ọmọ ọba obìnrin ti ń ṣe adelé. Ó ní, "Adelé kọ́ ni mo bi ọ́." Mo dákẹ́.

Ọmọkùnrin Philippe kú ní 1317 kan náà. Philippe fúnra rẹ̀ kú ní 1322, obìnrin nìkan ló fi sílẹ̀. Òfin tó fi lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lé àwọn ọmọ tirẹ̀ náà, Charles, ẹni tó fi ìlú sílẹ̀ láàárọ̀ ìwúyè, ló jọba. Kò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ Jeanne mọ́. Charles kú lọ́jọ́ 1 oṣù Kejì 1328, ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ìlú tún kó ojú sí ikùn opó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ó bí obìnrin. Ọmọ Charles de Valois ló wá di Philippe Kẹfà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan, Edward Kẹta, ní ọmọ-ọmọ Philippe Kẹrin lòun. Wọ́n ní nípasẹ̀ ìyá ni, obìnrin ò sì lè ṣe afárá fún ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ yẹn, Isabelle ni. Isabelle aláàpò. Ọ̀rọ̀ tó gbé lọ sétí bàbá rẹ̀ ló sọ Jeanne di ọmọ oníyèméjì, yíyọ tí wọ́n yọ Jeanne ló bí òfin, òfin náà ló sì ti ọmọ tirẹ̀ síta. Ní 1340 ní ìlú Ghent, Edward pe ara rẹ̀ ní ọba Faransé. Ẹni tó ń tì í lẹ́yìn ni Robert d'Artois, ọmọ arákùnrin Mahaut, tó ti yí ìwé èké kó lè gba Artois, tí wọ́n lé jáde nílùú ní 1332.

Ọjọ́bọ̀

Ọkọ̀ mi di ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ la wọ ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Denis. Ogún ọdún ó lé, Àǹtí ò wọ ibi ibojì rí.

Ère tó lé ní 70 ló wà níbẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ bí àwọn tó sùn sí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, ajá tàbí kìnnìún lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sí ara kankan lábẹ́ wọn mọ́. Ní 1793 àwọn ọlọ́tẹ̀ wú òkú àwọn ọba, wọ́n dà wọ́n sínú kòtò. Nígbà tí wọ́n tún kó wọn ní 1817, eegun ti dàpọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ ti ta ni. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí yàrá kan nísàlẹ̀, wọ́n fi mábù dúdú dí i, wọ́n kọ orúkọ sára rẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra. A fi iná fóònù tàn án. Àǹtí ń ka orúkọ sókè bí olùkọ́ tó ń pe àwọn ọmọ kíláàsì.

Níbí náà ni àwọn mọ́ńkì ń tọ́jú ìwé ìtàn ìlú sí. Òfin Salique, òfin àtijọ́ kan nípa ogún, tí wọ́n kọ́ wa ní iléèwé pé òun ló dá Jeanne àti Edward dúró, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ ní 1316 tàbí 1328. Ní àárín ọ̀rúndún náà, ogun ti ń jà tipẹ́, ni mọ́ńkì kan níhìn-ín, Richard Lescot, tọ́ka sí i nínú ìwé àtijọ́.

Jeanne ò kú sínú ìgbàgbé. Navarre, ilẹ̀ ọba kan lẹ́bàá Faransé, gba obìnrin lọ́ba. Obìnrin ló tilẹ̀ gbé ilẹ̀ náà wọ ilé ọba Faransé, ìyá bàbá rẹ̀. Nígbà tí Charles kú, àwọn ará Navarre ránṣẹ́ pè é, wọ́n sì dé e ládé ní Pamplona ní oṣù Kẹta 1329. Philippe Kẹfà ní kó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ Champagne sílẹ̀, ó fi sílẹ̀. Ọdún 1349 ló kú, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, wọ́n sì gbé e wá sin síbí, sí ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀. Nínú yàrá eegun yẹn, ta ló lè ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti bàbá kékeré rẹ̀ tó ti ẹnubodè Reims pa?

A gòkè padà. Mo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́jọ́ márùn-ún han Àǹtí. Ère rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀, ó kúrú, wọ́n gbẹ́ ẹ bí ọmọ tó ti ń rìn, ó wọ ẹ̀wù gígùn. Mo ní òun náà nìyí, Jean Kìíní, ọba Faransé, ó wà nínú iye àwọn ọba wọn.

Àǹtí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í.

"Ọjọ́ mélòó lo ní ó lò?"

"Márùn-ún, mà."

"Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn."

Ó ní ká máa lọ, pé tí mo bá tún sùn nínú ọkọ̀, kí n rí i pé Lọ́ńdọ̀nù ni mo jí sí.